Aago Tí Kò Mọ Ọ̀gá

Nígbà tí ọ̀gá ńlá bá gbọ́wọ́ lé àgbọ̀n, tó dijú díẹ̀, tó ní kí gbogbo ilé dákẹ́ nítorí òun ń ronú, kí ló ń rò gan-an? Mo ti bi ọkọ mi. Mo ti bi tíṣà wa ní kíláàsì àgbà. Mo tilẹ̀ ti bi ọmọ mi tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ, nítorí òun náà máa ń ṣe ojú bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ yàgbẹ́. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, tí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pamọ́ fún mi.

Ọ̀gá tí mo ń sọ yìí ni olùdarí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tó wà létí títì wa. Orúkọ rẹ̀ gùn, oyè tó lẹ̀ mọ́ orúkọ náà tún gùn jù ú lọ, ṣùgbọ́n Ẹ-Dúró-Ná ni gbogbo wa ń pè é lẹ́yìn. Kò sí ohun tí èèyàn lè gbé lọ bá a tí kò ní kọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ dúró ná." Wáyà ń jó, "Ẹ dúró ná." Òjò ń jò sórí kọ̀ǹpútà, "Ẹ dúró ná, kí n gbé e yẹ̀ wò." Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí àkọ́bí wọn, ó sọ ọ́ fún òun náà. Ọmọ yẹn ò dúró. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó ṣàìgbọràn sí i, àárín bàbá àtọmọ ò sì tíì gún títí dòní.

Ilé alájà kan ni ilé ẹ̀kọ́ náà. Kọ̀ǹpútà wà nísàlẹ̀, kíláàsì àwa àgbàlagbà tó ń kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wà lókè, yàrá kékeré kan sì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn tí wọ́n tẹ́ ẹní sí. Ibẹ̀ ni àwa ìyá máa ń gbé ọmọ wa sí lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tí à ń pè ní Màmá Ìsàlẹ̀. Bí kò bá sí yàrá yẹn, kò sí kíláàsì fún mi, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá rí mi lókè á rò pé pátákó ni mò ń wò. Etí mi wà nísàlẹ̀. Mo mọ ẹkún ọmọ mi yàtọ̀ láàárín ẹkún ọmọ mẹ́wàá. Mo mọ èyí tó jẹ́ ti ebi, mo sì mọ èyí tó jẹ́ ìwàkíwà lásán.

Wọ́n ní àṣà kan nílé iṣẹ́ yìí tí mi ò rí níbòmíràn. Aago ńlá kan wà lára ògiri gbọ̀ngàn. Bí wọ́n bá fi ìpàdé sí aago mẹ́jọ, tí Ẹ-Dúró-Ná sì dé ní aago mẹ́wàá, Igbákejì rẹ̀ á ti gun àga, á ti yí ọwọ́ aago padà sí mẹ́jọ kí bàtà ọ̀gá tó kan ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá á wọlé, á wo ògiri, á rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mẹ́jọ géérégé," á wí. "Ta ló rántí ọjọ́ tí mo pẹ́ rí nínú yín?"

"Ká má rí i, sà!" ni Igbákejì á fi dáhùn, lórí àga tí kò tíì sọ̀ kalẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rántí lóòótọ́. Báwo la ó ṣe rántí? Ẹ̀rí wà lára ògiri. Ohun tó kàn ń ṣẹlẹ̀ ni pé, bí aago bá ti lọ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀, kíláàsì wa náà á lọ sẹ́yìn, a ó sì máa ka á-bí-dí títí tí ọmọ mi á fi fi igbe gba gbogbo abẹ́ àtẹ̀gùn kan. Ọmọ jòjòló ò mọ̀ pé wọ́n ti yí aago.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ìyàwó ilé ni mí, mi ò lè pe orúkọ rẹ̀. Adúmáadán ni mo ń pè é. Dúdú ni, ó ń dán, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló kọ́ kọ̀ǹpútà kan ní ṣógì. Ṣógì ni ayò orí pátákó tó wá láti ilẹ̀ Japan: ọmọ ogun méjì kọjú síra, ọba wà lẹ́yìn kálukú, ẹni tó bá há ọba ẹnì kejì mọ́ ló jẹ ayò. Ohun tó wá dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé, bí o bá mú ọmọ ogun ọ̀tá, kì í kú. O lè gbé e padà sójú pátákó kó máa bá ọ jagun, kó kọjú sí ọ̀gá rẹ̀ àná láìtijú. Ìgbà tí Adúmáadán ṣàlàyé yẹn fún mi ni mo sọ pé, "Háà, èyí kì í ṣe ayò mọ́, ọ́fíìsì ni."

Kọ̀ǹpútà àwọn ìlú oríṣiríṣi ló ń bá ara wọn ta ayò náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ó jẹ títí, ó ku ẹyọ ayò kan kí ife ẹ̀yẹ wá sílé. Ìgbà náà ni Ẹ-Dúró-Ná, tó ti ń gba iwájú ẹ̀rọ yìí kọjá láti ọjọ́ yìí tó rò pé wọ́n fi ń gbọ́ orin ni, sọ̀ kalẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn.

"Ẹ̀rọ mi," ló pè é. Ó fọwọ́ pa á lórí bí ẹni pa ọmọ lórí. "Mo ti mọ̀ látìgbà tí mo ti lóyún rẹ̀ nínú ọpọlọ mi."

"Ẹ kú ìnira oyún, sà!" ni Igbákejì wí.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tó sọ gan-an nìyẹn, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́.

Olú ilé iṣẹ́ ti jẹ́ kó gbọ́ pé bí ife bá wọlé, òun ni wọ́n máa fi ṣe olórí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tó wà. Ṣùgbọ́n ife gbọ́dọ̀ ní ilé. Ẹ-Dúró-Ná yí gbogbo ilé po, ó gbọ́wọ́ lé àgbọ̀n, ó dijú, ó ronú. Nígbà tó lajú, iwájú yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn ló wà.

"Ibí ni," ó wí. "Yàrá Ìṣẹ́gun. Ẹ kó ẹní kúrò lọ́jọ́ tí ife bá dé. Ẹ kun ògiri. Ẹ gbé àwòrán mi síbí, ẹ gbé ife síbí, ẹ tún gbé àwòrán mi sí ẹ̀gbẹ́ ife kó má baà dá wà."

Màmá Ìsàlẹ̀, tó gbé ọmọ méjì mọ́yà, béèrè pé, "Àwọn ọmọ ńkọ́, sà?"

"Ẹ dúró ná," ó wí. "Wọ́n á dàgbà."

"Tí ife ò bá wá ńkọ́, sà?"

Ó wò ó bí ẹni wo ẹni tó tutọ́ sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì. "Tí ife ò bá wá, kí ni mo fẹ́ fi yàrá ṣe? Á wà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ó máa wá."

Ẹ ò rí ibi tí ọ̀rọ̀ já sí fún mi. Tí Adúmáadán bá jẹ ayò, yàrá lọ, kíláàsì mi lọ. Alẹ́ yẹn ó wá jẹun lọ́dọ̀ wa, ojú rẹ̀ pọ́n nítorí àìsùn.

"Ìyàwó mi," ó wí, "ṣé ò ń gbàdúrà fún wa?"

"Mò ń gbàdúrà," mo dá a lóhùn. Mo bu ọbẹ̀ kún un fún un. Mi ò sọ èyí tí mò ń gbà.

Nígbà tí ọjọ́ ayò sún mọ́lé, ọ̀gá pè wọ́n láti fi dánra wò. Ẹ̀rọ lè fi ìgbésẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí o tó sín. Ìyẹn ò tẹ́ ọ̀gá lọ́rùn.

"Ẹ̀rọ á kàn máa gbé ìgbésẹ̀ láìgbàṣẹ? Ilé iṣẹ́ ta ni?" Ó wá pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ máa fi ìgbésẹ̀ hàn ná, kí akọ̀wé kà á sókè, kí Igbákejì sọ pé "A fara mọ́ ọn," lẹ́yìn náà ni òun á wá fi ìka òun tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n rán tìmùtìmù kékeré kan tí ìka náà á máa sinmi lé. Mo rí i. Aláwọ̀ pupa ni, wọ́n ṣe wajawaja sí i létí.

Adúmáadán mí kanlẹ̀. "Sà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé aago fún yín. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní fún gbogbo ayò. Bó bá tán, àlékún ló kù: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá lo mẹ́ta, méje tó kù ti dànù nìyẹn, ẹ ò lè fi í pamọ́. Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mẹ́wàá mìíràn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọjá mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan péré, a ti pàdánù, ì báà jẹ́ pé a ti di ọba wọn mú lọ́rùn."

"Ẹ dúró ná. Ta ló ń ka mẹ́wàá ọ̀hún?"

"Aago ni, sà."

"Ta ni ọ̀gá aago?"

"Kò lọ́gàá, sà. Kọ̀ǹpútà kan tó jìnnà ló ń kà á."

Ẹ-Dúró-Ná rẹ́rìn-ín àánú. "Ọmọ mi, ilé iṣẹ́ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Igbákejì, ẹ bá mi wá ẹni tó ń gun àga níbẹ̀."

Igbákejì jáde, ó lọ jókòó sábẹ́ igi fún ìgbà díẹ̀, ó padà wọlé. "Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀, sà. Wọ́n ní kí n kí yín."

"Ẹ gbọ́?" ni ọ̀gá wí.

Nígbà tí mo bi Adúmáadán pé kí ló dé tí kò kọ̀, ó ní, "Kí n kọ̀, kí wọ́n gba ẹ̀rọ fún ẹlòmíràn? Mo ti dọ́gbọ́n sí i. Tó bá di àlékún, ẹ̀rọ ò ní rò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Mẹ́jọ tó kù, ti ẹnu bàbá yẹn ni."

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ pé. Gbogbo wa ni wọ́n ní ká wá pàtẹ́wọ́. Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, ẹ̀rọ kan ń tan àwòrán sí i: pátákó ayò láàárín, aago méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tiwa àti tọ̀tá. Àlejò wa, ọ̀gá obìnrin kan láti olú ilé iṣẹ́, jókòó síwájú. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn kunlékunlé ti gbé ọ̀dà dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ. Màmá Ìsàlẹ̀ jókòó sórí ẹní bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n kun òun mọ́ ọn.

Àsìkò tó. Ayò bẹ̀rẹ̀. Àwa ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kàn. Ẹ̀rọ fi ìgbésẹ̀ hàn. Akọ̀wé kà á. Igbákejì fara mọ́ ọn. Ìka ò sí níbẹ̀.

Ọ̀gá ò tíì dé.

Aago wa lára aṣọ funfun ń lọ sílẹ̀: mẹ́rìnlá, mẹ́tàlá, méjìlá. Adúmáadán ń jẹ èékánná. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, a gbọ́ fèrè ọkọ̀. Igbákejì fò sórí àga, ó yí aago ògiri padà gírígírí. Lójú tiẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Ó wá bojú wo aṣọ funfun. Ó gbé àga lọ síbẹ̀, ó gùn ún, ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu mẹ́fà. Mẹ́fà di márùn-ún lábẹ́ áńkáṣíìfù. Ó tutọ́ sí i díẹ̀, ó tún nù ún.

"Mẹ́jọ géérégé!" ni Ẹ-Dúró-Ná wí lẹ́nu ọ̀nà, apá méjèèjì nínà.

"Sà, ẹ wá tẹ̀ ẹ́!" ni Adúmáadán ké.

Ó fi ẹ̀sọ̀ wá. Ó bọ Àlejò lọ́wọ́. Ó gbé ìka lé tìmùtìmù. Ó tẹ̀ ẹ́. Àtẹ́wọ́.

Mi ò ní parọ́ fún yín, ẹ̀rọ yẹn mọ iṣẹ́. Pẹ̀lú gbogbo kà-á-sókè àti a-fara-mọ́-ọn, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tó ṣòfò, ó ń kó ọmọ ogun ọ̀tá bí ẹni ṣa àgbàdo. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìṣẹ́jú wa tán pátápátá, àlékún sì dé. Ohùn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kà nínú ẹ̀rọ: "Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta."

Ọ̀gá dìde. "Ta ló ń kà mí bí ewúrẹ́ yẹn?"

"Aago ni, sà, ẹ tẹ̀ ẹ́!"

"Ẹ sọ fún un pé èmi ni."

"Èje. Ẹ̀jọ," ni ohùn náà wí. Adúmáadán di ìka ọ̀gá mú, ó fi tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí, ṣùgbọ́n Àlejò ń wò, ó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ó fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, lórí ẹ̀jọ nígbà mìíràn, lórí ẹ̀sán nígbà mìíràn, bí ẹni ń ṣàánú aago.

Èmi ńkọ́? Mò ń pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe ní. Gbogbo bí ọba ọ̀tá ṣe ń sá lọ sí kọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ ọba ọ̀tá ni mo wà. Mo tún ń wo ojú Adúmáadán, tí òógùn bò, mo ń bẹ Ọlọ́run kó má gbọ́ mi. Mo gbọ́ tí ọmọ mi ké lábẹ́ àtẹ̀gùn. Èyí kì í ṣe ti ebi, kì í sì í ṣe ìwàkíwà. Mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo dìde, mo tún jókòó.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ gbé ọmọ ayò kan tó gbà lọ́wọ́ ọ̀tá, èyí tí wọ́n ń pè ní wúrà, ó fi hàn pé níwájú ọba wọn gan-an ni òun fẹ́ gbé e sí. Kò síbi tí ọba lè sá sí mọ́.

"Ó ti parí!" Adúmáadán fò sókè. "Sà, ó ti parí! Ẹ tẹ̀ ẹ́, ife ti dé!"

Ah, ẹnì kan ì bá ti sọ fún ọmọ náà pé kó má sọ "ife".

Ẹ-Dúró-Ná gbé ìka kúrò lórí tìmùtìmù. Ó na ọwọ́ sí gbogbo gbọ̀ngàn. "Ẹ dúró ná," ó wí.

"Ẹ̀ta," ni ohùn náà wí.

"Àlejò ọ̀wọ́n, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ẹ̀rọ tó jókòó àti ẹ̀rọ tó dúró."

"Àrún. Ẹ̀fà."

"Mi ò fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ nípa ara mi."

"Èje."

"Sà!" Adúmáadán na ọwọ́ sí bọ́tìnnì. Igbákejì di apá rẹ̀ mú. "Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́!" ó wí, ohùn rẹ̀ kún fún ìbẹ̀rù Ọlọ́run.

"Ẹ̀jọ. Ẹ̀sán."

"Níkẹyìn," ni ọ̀gá wí.

Ohùn obìnrin náà ò sọ nǹkan mìíràn. Ọ̀gá gbé ìka sókè kí gbogbo èèyàn rí i, ó fi tẹ bọ́tìnnì. Ó tún un tẹ̀. Pátákó ò mira.

"Ẹ kú oríire, sà!" Igbákejì bú sí àtẹ́wọ́. Gbọ̀ngàn tẹ̀ lé e. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí a tó gbọ́ Àlejò, nítorí kì í pariwo.

"Ta ló jẹ?"

"Àwọn ni, mà," ni Adúmáadán dáhùn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Àsìkò wa tán."

"Kí lẹ wí?" Ẹ-Dúró-Ná yí padà. "Àsìkò ta ló tán? Igbákejì! Ẹ dá aago yẹn padà!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, àṣà ò ṣeé fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Igbákejì sáré gun àga, lójú gbogbo ayé, ó yí aago ògiri padà sẹ́yìn. Àlejò wo ògiri. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó tún wo ògiri.

"Ṣé tèmi ni kò dáa ni?"

Igbákejì wo ọ̀gá. Ó wo Àlejò. Mo rí i nígbà tó ń ṣírò, kò sì pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlejò. "Òun ló ní kí n máa yí i, mà. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí."

"Ẹ dúró ná," ni ọ̀gá wí.

"Mi ò lè dúró," ni Àlejò wí. "Mo ti bá yín dúró tó." Ó dìde, Igbákejì sì bá a gbé báàgì.

Ẹ-Dúró-Ná kò gbà bẹ́ẹ̀ o. Ó gbé ìgbìmọ̀ dìde láti fọ̀rọ̀ wá aago lẹ́nu wò. Ó ránṣẹ́ sáwọn tó ni ìdíje pé kí wọ́n dá ìṣẹ́jú àáyá tí òun fi pamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ayò padà fún òun, nítorí ìgbà mìíràn wà tí òun tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀jọ. Wọn ò dáhùn. Kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, olú ilé iṣẹ́ ti gbé e lọ sí ilé tí wọ́n ń kó àga tó ti ṣẹ́ pamọ́ sí. Wọ́n ní ó máa ń pe àwọn àga náà sípàdé. Kò sí aago lára ògiri níbẹ̀, nítorí náà kò tíì pẹ́ dé rí.

Àwọn kunlékunlé gbé ọ̀dà wọn lọ. Màmá Ìsàlẹ̀ gbọn ẹní, ó tún un tẹ́. Mo gbé ọmọ mi, ó ti yàgbẹ́ sára, inú mi sì dùn débi pé ojú ń tì mí. Mo se oúnjẹ lọ fún Adúmáadán, ó jẹ ẹ́, ó ní, "Ìyàwó mi, má wulẹ̀ bá mi kẹ́dùn. Ojú rẹ ò jọ ojú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà, ọmọ mi ti ń sáré kiri, kí ó tó sọ èyí tó kù fún mi, níbi tó ti ń bá mi yọ òwú lórí. Aago tó jìnnà yẹn kì í ka ohunkóhun tí kò bá pé ìṣẹ́jú àáyá kan. Òdo ló máa ń kọ fún un. Ẹ̀rọ wa sì ti rí ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yẹn kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Ká ní wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ láìdúró de ìka ọ̀gá, ìgbésẹ̀ tí ì bá gba yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn lọ́wọ́ wa kò ní gbà ju òdo lọ nínú àsìkò wa.